Kì í Ṣe Àgbo Ló Ba Eyín Fìyìn Jẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, obìnrin kan wà ní ìlú Oǹdó tí kò fojú kan ọmọ ọmọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Bí wákàtí kan ni ọkọ̀ ń rìn láti Àkúrẹ́ tí a ń gbé dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ti dí mọ́ ọn, ẹnu mi yìí ló sì dí i. Ìyá ọkọ mi ni. Bí mo bá jókòó ní ọ́fíìsì wa ní Alágbàká, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣàròyé ìyá ọkọ wọn, tí eléyìí ní tòun le, tí tọ̀hún ní tòun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ni mo máa ń dorí kodò sórí fáìlì bí ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé tèmi dára, èmi ni mo burú? Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àlùfáà, mi ò sọ fún ìyá tó bí mi ní Ìkàrẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ délẹ̀ kí ẹ tó bú mi.

Ọdún keje tí a ṣègbéyàwó ni mo tó lóyún. Ẹni tó bá ti dúró de ọmọ rí á mọ ohun tí mo ń wí. Olùkọ́ ni ọkọ mi, ilé ìwé girama kan nínú Àkúrẹ́ níbí ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ti dá a lójú tán, kò sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà mọ́. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé oyún ti dúró, ó gba iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ mi. Kò jẹ́ kí n gbé korobá omi, kò jẹ́ kí n gun ọ̀kadà, ó sì kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ fi oògùn kankan sẹ́nu àfi èyí tí wọ́n bá fún mi nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwa aláboyún náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀. Ó ní, "Ohunkóhun tó bá ń ṣe yín, ìbáà jẹ́ orí fífọ́, ẹ wá sọ fún wa. Ẹ má dá oògùn lò." Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Oyún wọ oṣù karùn-ún, eyín dé. Eyín ẹ̀yìn kan ni, nísàlẹ̀ lápá òsì, tó ti lu ihò láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí mo kàn ń fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹun nítorí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo mu omi tútù, àfi bí ẹni pé wọ́n ki abẹ́rẹ́ tó gbóná bọ̀ mí láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé inú etí. Ẹ̀yin tí eyín ti dùn rí, ẹ mọ̀ pé ìrora eyín kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń bá ṣeré. Ó ń lù mí kì, kì, kì, bí ẹni pé ọkàn mi ti ṣí kúrò láyà wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò lè jẹun. Bí ẹnìkan bá bá mi sọ̀rọ̀, omi á lé sí mi lójú. Mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ ẹnu títí ahọ́n mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo ki kànáfùrù bọ inú ihò náà. Á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Èéṣe tí mi ò fi lọ sọ fún nọ́ọ̀sì? Ẹ̀rù ni. Obìnrin kan ní ọ́fíìsì wa ti sọ ìtàn aláboyún kan tó lọ yọ eyín ní Ọ̀wọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí oyún fi bá a lọ. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, mi ò bèèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá sọ fún nọ́ọ̀sì, á ní kí n lọ yọ ọ́. Bí mo bá sọ fún ọkọ mi, òun fúnra rẹ̀ ló máa mú mi lọ. Ọdún méje ni mo fi wá oyún yìí, ṣé orí àga oníṣègùn eyín ni mo máa sọ ọ́ nù sí? Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Mo bá pa ẹnu mi mọ́, mo fi ìrora náà pamọ́ fún gbogbo ayé bí ẹni tó jí nǹkan gbé.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, nígbà tí a jáde níbi iṣẹ́, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà Ọba. Kì í ṣe pé kò sí kẹ́míìsì ládùúgbò wa ní Ìjókà, àmọ́ ẹni tó ń tajà níbẹ̀ mọ̀ mí, ó mọ ọkọ mi, ó sì mọ̀ pé mo lóyún. Mo rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan láàárín àwọn aránṣọ, mo yà síbẹ̀. Bùbù gbàgẹ̀rẹ̀ ló wà lọ́rùn mi. Mo ṣàlàyé eyín fún ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú o, ántí. Ṣé ẹ ò lóyún?"

Mo ní, "Rárá o. Ìjókòó ọ́fíìsì ló sọ mí di báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí pẹpẹ. Ó fún mi ní oògùn ara ríro, ó sì fún mi ní kápúsù aláwọ̀ méjì, pupa àti yẹ́lò, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní tẹtirasáíkílìn. Bó ṣe ń dì í fún mi, ó sọ gbólóhùn kan tí mi ò tíì gbàgbé. "Ó dára tí ẹ ò lóyún. Bí ẹ bá lóyún ni, mi ò jẹ́ fún yín ní eléyìí láyé." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé mi ò lè di ẹ̀bi ru olóògùn náà. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Èmi ni mo purọ́ fún un, tí mo sì di oògùn náà mọ́ àpò, tí mo gbé e lọ sílé ọkọ mi.

Lọ́jọ́ kejì, eyín dákẹ́. Mo jẹ iyán lọ́jọ́ náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Ṣùgbọ́n ihò ṣì wà níbẹ̀, kò lọ ibì kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tún bẹ̀rẹ̀, mo tún padà sí Ọjà Ọba. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹrin; nígbà tí ikùn ti yọ, ọmọdé kan lọ́jà ni mo máa ń rán wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń tú kápúsù náà sí méjì, kí n da lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sínú ihò eyín gan-an, bí mo ṣe gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ọkọ mi bá gbàdúrà fún oyún tí ó sì gbé ọwọ́ lé mi níkùn, èmi á máa ṣe àmín, oògùn á sì wà lábẹ́ wa.

Mo bí Fìyìn láìsí wàhálà. Ó ké, ó mu ọmú, ó pé. Mo sọ fún ara mi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo lọ bá oníṣègùn eyín, kò sì pẹ́ rárá tó fi yọ eyín náà. Ó bi mí ìdí tí mo fi ń jìyà láti ìgbà yìí, mo ní nítorí oyún ni. Ó mi orí. Ó ní, "Aláboyún ń yọ eyín lọ́dọ̀ wa dáadáa, pàápàá tí oyún bá wà láàárín oṣù karùn-ún síkẹfà. Ẹ ò bá ti wá." Mo délé, mo jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Ọkọ mi rò pé ojú egbò ló ń dùn mí.

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, opó ni wọ́n, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn. Nígbà tí oyún mi pé oṣù méje, wọ́n gbé àpò wọn láti Oǹdó wá bá wa, wọn ò sì padà títí ọmọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n máa ń fi ohùn Oǹdó pè é ní "ọma mi". Nígbà tí eyín fẹ́ yọ, tí ara ọmọ ń gbóná, wọ́n se àgbo, wọ́n ń fi ṣíbí kékeré fún un. Ojú mi ni wọ́n ṣe é, ojú ọkọ mi ni. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má ṣe é.

Eyín náà yọ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. A rò pé yóò mọ́. Dípò kó mọ́, bí oṣù ti ń gorí oṣù ló ń ṣú sí i, títí gbogbo eyín ẹnu ọmọ mi fi dà bí ìdí ife tí wọ́n fi ń mu tíì láìfọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Eléyín Kòkó. Ọmọ ọdún mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu kó tó rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọwọ́, tí ẹ sì mọ̀ nínú ara yín ẹni tó kọ́ ọ.

Ọkọ mi ò lè gbà á mọ́ra. Ó mú èmi àti ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan ló rí wa. Ó ní kí Fìyìn la ẹnu, ó tan iná sí i, ó wá yíjú sí mi. "Màmá, ṣé ẹ lo oògùn kankan nígbà tí ẹ lóyún rẹ̀? Irú tẹtirasáíkílìn tó máa ń ba eyín ọmọ inú oyún jẹ́ báyẹn?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè náà wà nílẹ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ló kù kí n sọ. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó fi ìgboyà sọ ọ́, bí ẹni tó ń fi ìyàwó rẹ̀ yangàn. "Rárá, dókítà. Ìyàwó mi ò fi hóró oògùn kan sẹ́nu láìjẹ́ pé ilé ìwòsàn fún un. Mo wà níbẹ̀." Dókítà ṣì ń wò mí. Èmi náà ní, "Rárá, mi ò lo nǹkan kan." Ó ní, "Ọmọ náà ńkọ́? Kí ni ẹ fún un nígbà tó wà ní kékeré?" Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń wí pé, "Ìyá ọkọ mi máa ń fún un ní àgbo."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fọ́fọ́ ni í fọ́. Dókítà ní òun ò lè sọ pé àgbo ló fà á, pé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ eyín ọmọdé ni, pé èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ lè dára. Ọkọ mi ò gbọ́ ìyẹn mọ́. Àgbo ló gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó wakọ̀ lọ sí Oǹdó. Mi ò mọ gbogbo ohun tó sọ fún ìyá rẹ̀. Ó padà dé, ó ní ìyá òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ òun mọ́, Fìyìn ò sì ní tẹ ilé náà mọ́. Láti ìgbà yẹn, ọkọ mi ò fi ebi pa màmá, bí wọ́n bá ṣàìsàn a máa lọ. Ṣùgbọ́n ìdúró ló máa ń dúró níwájú wọn, kì í jókòó. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo da á, ibòmíràn ló fẹ́ lọ.

Mo fi ọdún mẹ́ta jẹun lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sùn lé e lórí. Ìgbà tó yá, kò ṣeé gbé mọ́. Nígbà òjò tó kọjá yìí, mo purọ́ nílé pé iṣẹ́ ìjọba ló rán mi, mo wọ ọkọ̀ Oǹdó. Nígbà tí a dé Bọ́lọ́rundúró, mo fẹ́ ní kí dẹ́rẹ́bà sọ̀ mí kalẹ̀ kí n padà. Mo bá màmá lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Wọ́n ti rù. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mi ò tilẹ̀ lè kí wọn tán.

Mo ní, "Màmá, àgbo yín kọ́. Oògùn eyín tí mo lò nígbà oyún ni. Èmi ni mo purọ́ mọ́ yín."

Wọn ò gbójú sókè kúrò lára ẹ̀gúsí. Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Mo rò pé wọn ò gbọ́ mi dáadáa, mo tún un sọ. Wọ́n ní, "Ìyá Fìyìn, mo ní mo mọ̀. Nígbà tí mo wá bá yín lóṣù keje, èmi ni mo ń gbálẹ̀ yàrá yín. Mo rí oògùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ilé ìwòsàn ló fún ọ. Nígbà tí ọkọ rẹ wá ń bá mi jà nítorí àgbo, mo lọ bi nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo ṣàpèjúwe kápúsù náà fún un. Òun ló là mí lóye."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀, Màmá?"

"Ta ni kí n sọ fún? Bí mo bá sọ fún ọkọ rẹ tí kò gbà, á ní mo kórìíra ìyàwó òun. Bó bá sì gbà, o mọ̀ ọ́n, èmi ni mo bí i. Ìwọ ló máa kó ẹrù jáde. Ta ló máa wá tọ́ ọma mi? Èmi ti darúgbó, mo lè gbé ibi tí mo wà."

Mo ní lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni màá jẹ́wọ́ fún ọkọ mi. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, agbára ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "O ò ní sọ nǹkan kan. Ohun tí mo ti fi ọdún mẹ́ta rù, má wá bá mi dà á nù lọ́jọ́ kan." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá Fìyìn ti ń kàwé, àti pé ṣé ọwọ́ òsì ló ṣì fi ń kọ nǹkan. Wọ́n ní kí n má nà án nítorí ìyẹn. Wọ́n bu ẹ̀gúsí fún mi, mi ò lè gbé e délé, nítorí níbo ni màá sọ pé mo ti rí i? Mo fún obìnrin tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ ti bá tèmi ní Oǹdó, òtítọ́ náà ló sì ní kí n dákẹ́.

Bí mo ṣe wà nìyẹn títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Eyín iwájú Fìyìn kan nísàlẹ̀ ti mì, ó ti bọ́, òmíràn wá yọrí láti inú èrìgì. Funfun ni, bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ọmọ náà gbé dígí kiri gbogbo ilé, kò bo ẹnu mọ́. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn débi pé mo dojú bolẹ̀ ní yàrá dúpẹ́. Mi ò mọ̀ pé eyín funfun náà ló máa wá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi pátápátá. Ọkọ mi wò ó títí, ó ní, "Ṣé o rí i? Láti ìgbà tí àgbo ti kúrò lẹ́nu rẹ̀." Ó gbé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ohùn jáde síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

Ó ní, "Màmá, eyín tuntun Fìyìn ti yọ, funfun ni. Ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe pé mo kórìíra yín. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tán. Ẹ kàn gbà pé ẹ ṣì í ṣe, kí ẹ wá sọ ọ́ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kí ẹ máa rí ọmọ yín."

Màmá wá ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Forí jì mí, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ ni."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwo wà lọ́wọ́ mi, mo padà wọlé lọ fọ̀ ọ́.

Wọ́n ti fi ìpàdé ìdílé náà sí Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi méjèèjì máa wá, màmá máa wá láti Oǹdó wá bẹ̀bẹ̀. Lánàá, màmá pè mí nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n má dá sí i, pé àforíjì tí àwọn máa tọrọ kò ní kí àwọn má sùn, pé ọmọ náà nìkan ni àwọn fẹ́ fọwọ́ kàn. Ohùn wọn ń dùn bí ohùn ẹni tó ń lọ síbi ayẹyẹ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti ba ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta dúró dè jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ilé mi sì lè tú. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ mi di òfin ìdílé, Fìyìn á sì dàgbà pẹ̀lú ìmọ̀ pé ìyá àgbà òun ló ba eyín òun jẹ́.

Ẹ̀yin aláboyún tí ẹ ń ka èyí, bí eyín bá ń dùn yín, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tọ́jú yín. Bí olóògùn bá bi yín léèrè, ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹ̀yin àgbà tí orí yín pé jù tèmi lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó pé. Ibo ni kí n dúró sí nínú pálọ̀ mi, nígbà tí ìyá àgbàlagbà bá ń kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó fi ikùn rẹ̀ bí, nítorí ọ̀rọ̀ tí èmi sọ?